Ìgbà Tí Wọ́n Dúró De Ìgbín

Ẹ súnmọ́ mi. Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi rọra wọ́ bọ̀, ó dá lórí Ìgbín. Ọdún mẹ́ta ló fi bá àwọn ẹranko sáré ìje. Kó tó dé òpin, gbogbo wọn á ti lọ sílé.

Ojú ti Erin, adájọ́ wọn. Ó ní, "Lọ́dún yìí, kí kálukú kọ́kọ́ sáré kí n wò ó. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn bá dọ́gba ni yóò jọ díje."

Ọ̀kẹ́rẹ́ díbọ́n, ó ń tiro. Wọ́n fi í sẹ́gbẹ́ Ìgbín àti Ọ̀kùn.

Lọ́jọ́ ìje, ó fò fẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Bàbá, mo borí!"

Erin ní, "Ẹgbẹ́ rẹ kọ́ lo borí. Bọ́ sẹ́yìn."

Gbogbo ẹranko ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ìgbín, máa bọ̀ o!

Jẹ́jẹ́, à ń dúró!

Ọ̀kùn ló ṣe ìkíní. Ìgbín ló ṣe ìkejì, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tíì lọ sílé.