Ọjọ́ Tí Ìlú Ìdóṣẹ Sọ Ẹṣin Lórúkọ

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó lẹ́yìn yẹn, ṣé ẹran lẹ kó sẹ́nu ni? Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ó dáa. Ààlọ́ mi ré kọjá ilé darandaran, ó ré kọjá ìsọ̀ alápatà, ó wá já lé Ẹṣin ààfin lórí, òun àti àwọn olóyè ìlú Ìdóṣẹ. Tí mo bá dá orin, ẹ máa gbè é pé, "Ṣaworo jìngìnnì." Ẹ má jẹ́ kí n nìkan kọ ọ́ o.

Ní ayé àtijọ́, àrùn wọ inú agbo ẹran ní ìlú Ìdóṣẹ. Màlúù kú. Àgùntàn kú. Ewúrẹ́ kú. Ẹran wá wọ́n títí, ẹni tó bá rí eegun he lọ́nà, á mú un relé lọ fi se ọbẹ̀. Àwọn tálákà fi ewébẹ̀ jẹ iyán wọn. Àwọn olóyè ló ń kérora.

Ẹran ńlá kan ṣoṣo ló kù nílùú. Ẹṣin ààfin ni. Abo ẹṣin ni, ó ti dàgbà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì ń tiro. Òun ló gbé Ọba lọ sógun, òun náà ló gbé Ọba sá bọ̀. Èèwọ̀ ìlú Ìdóṣẹ ni, wọn kì í jẹ ẹṣin.

Ní ọjọ́ kan, wọ́n pe ìpàdé. Abẹ́ igi òdán tí wọ́n so Ẹṣin mọ́ gan-an ni wọ́n jókòó sí. Ẹṣin ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ọ̀tún dìde. Ó ní, "Kábíyèsí, Ẹṣin ti darúgbó. Kò lè sáré mọ́. Ẹ jẹ́ ká pa á jẹ."

Ìyálóde fò dìde. Ó ní, "Háà, Ọ̀tún! Ẹṣin tó gbé ọba? Èèwọ̀ ni! Ẹnu tèmi kọ́ lẹ ó ti gbọ́ ọ." Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ fún un. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń jókòó, ó fẹnu sí Ọ̀tún létí, ó ní, "Tó bá wá di dandan, ẹ̀dọ̀ ni tèmi o." Etí Ẹṣin gùn. Ó gbọ́.

Ọba ní ní tòun, òun ò lòdì sí pípa, òun ò sì lòdì sí àìpa. Bí ọba Ìdóṣẹ ṣe máa ń dájọ́ nìyẹn.

Ẹṣin wá fi orin bẹ̀ wọ́n:

Ẹ̀yin àgbà Ìdóṣẹ o,
*Ṣaworo jìngìnnì.*
Ta ló gbọ́ba lọ sógun o?
*Ṣaworo jìngìnnì.*
Ta ló gbọ́ba sá wálé o?
*Ṣaworo jìngìnnì.*
Ṣé ọ̀bẹ lẹ fẹ́ fi kí mi o?
*Ṣaworo jìngìnnì.*

Ọba wolẹ̀. Ìyálóde nu ojú. Òsì, tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, ló wá húkọ́. Ọgbọ́n pọ̀ lórí Òsì, inú àwo ọbẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ sì ń parí sí. Ó ní, "Èèwọ̀ ní ká má jẹ ẹṣin. Ṣé èèwọ̀ ní ká má jẹ màlúù?"

Wọ́n ní, "Rárá o."

Ó ní, "Ẹ ò wá rí i? Ẹ jẹ́ ká sọ Ẹṣin lórúkọ. Ká pè é ní Màlúù. Tí a bá pa á jẹ nígbà yẹn, màlúù la jẹ."

Inú wọn dùn dé ikùn. Ọ̀tún ní irú ọgbọ́n báyìí ni kì í jẹ́ kí ìlú bàjẹ́.

Ẹṣin gbọ́ ọ. Ó mọ̀ pé wọ́n ti pa òun tán nínú ọkàn wọn. Ó ronú, ó ronú, ó ronú. Ó wá ní, "Ẹ̀yin àgbà, mo gbà. Ṣùgbọ́n orúkọ tí ẹ kò fi oyin sọ, tí ẹ kò fi iyọ̀ sọ, tí ẹ kò sọ lójú ará ìlú, ṣé ó lè mọ́ ẹni lára? Ẹ ó jẹ mí tán, èèwọ̀ á tún dé, á ní ẹṣin lẹ jẹ. Tí ẹ bá máa sọ mí lórúkọ, ẹ sọ mí bí wọ́n ṣe ń sọmọ."

Wọ́n wo ara wọn. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ta ló fẹ́ kí èèwọ̀ ká òun mọ́dìí àwo?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, gbogbo ìlú pé. Alápatà gbé ọ̀bẹ wá. Wọ́n gbé oyin kalẹ̀, wọ́n gbé iyọ̀ kalẹ̀, wọ́n gbé àwo omi kalẹ̀. Àwọn olóyè kọ́kọ́ jà ná, nítorí wọ́n ti fẹnu kò pé ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ ló ni itan. Ọ̀tún ló borí. Ó fi oyin kan Ẹṣin lẹ́nu, ó ju owó ẹyọ sínú omi, ó ní, "Èmi pè é ní Màlúù." Òsì ju tirẹ̀, ó ní, "Èmi pè é ní Abọ́bẹ̀dé." Ìyálóde, ẹni tó ti pariwo pé èèwọ̀ ni, bu iyọ̀ ẹ̀kúnwọ́ sí i lẹ́nu kó lè ti máa wọnú ẹran. Ó ní, "Ẹranwùmí ni tèmi."

Àwọn ará ìlú wá ṣàdúrà bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é. Wọ́n ní, "Yóò dàgbà, yóò dogbó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sọ ọ́ lórúkọ, ẹ ò ní sunkún rẹ̀."

Àwọn olóyè dáhùn pé, "Àṣẹ!" Wọn ò tiẹ̀ fetí sí ohun tí wọ́n ń ṣe àṣẹ sí.

Ẹṣin kúnlẹ̀ níwájú Ọ̀tún. Ó ní, "Bàbá mi, ẹ ṣeun." Ó kúnlẹ̀ níwájú Òsì. Ó ní, "Bàbá mi, ẹ kú ìnáwó." Ó kúnlẹ̀ níwájú Ìyálóde. Ó ní, "Ìyá mi, ẹ kú ewu ọmọ."

Ọ̀tún ní, "Bàbá ta ni?"

Ẹṣin gbé orin:

Ta ní ń sọmọ lórúkọ o?
*Ṣaworo jìngìnnì.*
Ṣé àlejò ni àbí bàbá o?
*Ṣaworo jìngìnnì.*
Ọ̀tún fi oyin kàn mí lẹ́nu o,
*Ṣaworo jìngìnnì.*
Bàbá, ẹ wá jẹ ọmọ yín lójú ayé o!
*Ṣaworo jìngìnnì.*

Gbogbo ìlú ń gbè é, wọ́n ń jó. Ọ̀tún pariwo mọ́ alápatà pé kó ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Alápatà ti ọ̀bẹ bọ àkọ̀. Ó ní, "Mo lè pa màlúù. Bí ebi ṣe ń pa mí yìí, mo lè pa ẹṣin. N kò lè pa ọmọ Ọ̀tún."

Òsì ní kí wọ́n gba orúkọ náà padà. Ìyá arúgbó kan láàrin èrò ní, "Ó dáa, bàbá ọmọ. Ẹ kọ́kọ́ gba oyin tó ti lá padà."

Ọba wo ibi tí èrò pọ̀ sí, ó wá dájọ́. Ó ní wọn kì í so ọmọ mọ́gi níta nígbà tí bàbá rẹ̀ ní ilé.

Bí Ẹṣin ṣe di ará ilé Ọ̀tún nìyẹn. Kò sẹ́ni tó gùn ún mọ́, ta ló máa gun ọmọ Ọ̀tún lẹ́yìn? Ọba ń fẹsẹ̀ rìn. Ní àràárọ̀, kí ìrì tó gbẹ, Ọ̀tún àti Òsì á mú dòjé, wọ́n á lọ gé koríko lẹ́bàá odò, Ìyálóde á máa ru omi bọ̀ lẹ́yìn wọn. Àwọn tálákà tó ń lọ sóko á kí wọn pé, "Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o!" Wọ́n á sì dáhùn, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ ṣe é. Tí Ọ̀tún bá gbé koríko kalẹ̀, Ẹṣin á tọ́ ọ wò, á ní, "Ẹ ṣeun, bàbá mi. Ṣùgbọ́n èyí gbó díẹ̀." Ọ̀tún á tún gbé dòjé rẹ̀, á padà sódò.

Ẹ̀kọ́ ààlọ́ yìí ni pé ẹni tó bá fẹ́ jẹ èèwọ̀, kó má wá orúkọ rere fún un, torí orúkọ náà lè di ẹrù sí i lọ́rùn.

Ibi tí ààlọ́ mi já sí nìyí. Bí ẹ bá ní irọ́ ni, ẹ lọ bi Ọ̀tún. Ẹ ó bá a lẹ́bàá odò.