Èlùbọ́ Adùnpé Tó Sọdá Òkun

Ojú-lásán-ò-rí-inú-àpò, awo ẹ̀bá àpáta, àti Sọ-ọ́-bó-ṣe-rí, awo ẹnubodè, àwọn ló dá Ifá fún Adùnpé lọ́jọ́ tó ń sunkún nítorí èlùbọ́ rẹ̀ tó jóná ní èbúté ilẹ̀ òkèèrè.

Ìlú kan ní Òkè Ògùn ni Adùnpé ń gbé. Orí àpáta ni òun àti àwọn obìnrin mọ́kànlá tó ń bá a ṣiṣẹ́ ti ń sá isu tí wọ́n bọ̀. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ isu náà síta, gbogbo orí àpáta á funfun, bí ẹni pé ìkúukùu sọ̀ kalẹ̀ wá sinmi níbẹ̀. Èlùbọ́ wọn dára. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sókè òkun, àwọn aṣọ́bodè ibẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní májèlé wà nínú rẹ̀, wọ́n sì dáná sun ún. Adùnpé kò mọ májèlé tí wọ́n ń wí. Ẹrù kejì sì ti wà nílẹ̀. Ẹni tó ń rà á lọ́hùn-ún ti sọ pé bí èyí náà bá jóná, òun kò ní rà á mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn obìnrin náà yóò tú ká.

Ìdí nìyí tó fi tọ Ifá lọ. Wọ́n ní kó rúbọ. Wọ́n ní kó mú odidi àpò kan nínú èlùbọ́ tí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń jẹ, kó pín in fún àwọn tó ń kọjá ní oríta. Wọ́n tún ní ohunkóhun tí wọ́n bá bi í nípa ọjà rẹ̀, kó sọ ọ́ bó ṣe rí, kó má fi ìbínú dáhùn.

Ìyá Fọlọ́runṣọ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀, fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Wọ́n sun àkọ́kọ́, ìwọ náà wá ń da èyí tó kù sí oríta. Ṣé kí n bá ọ wá abẹ̀bẹ̀ tí o ó fi fẹ́ iná ẹlẹ́ẹ̀kejì?"

Adùnpé ní, "Gbé igbá wá kí n bù fún ọ. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ ló ń dùn ọ́."

Ó rú ẹbọ náà. Ó pín àpò náà tán pátápátá.

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ìbíyẹmí wà lára àwọn tó gbà á. Iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe. Irè oko tó ń lọ sókè òkun ló máa ń yẹ̀ wò. Lọ́jọ́ kejì, ó padà wá dúpẹ́. Adùnpé sọ ọ̀rọ̀ ẹrù tó jóná fún un. Ìbíyẹmí ní ẹrù náà kò ní ìwé ẹ̀rí ìlera irè oko ni, èyí tó ń fi hàn pé kò sí májèlé tàbí kòkòrò nínú rẹ̀. Ó ní wọn kì í ká ìwé náà sínú àpò mọ́. Orí ẹ̀rọ ayélujára ni wọ́n ń fi í ránṣẹ́, á sì ti débẹ̀ kí ọkọ̀ ojú omi tó gúnlẹ̀. Ó yọ fóònù rẹ̀ síta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tó máa kọ sínú ìwé náà fún ẹrù kejì.

"Ìyá, ṣé ẹ fi oògùn sí i?"

Ojú Adùnpé le. "Oògùn kẹ̀? Ìwọ ọmọ yìí, ojú olóògùn lo rí lára mi?"

"Ẹ má bínú, Ìyá. Ṣé kí n kọ ọ́ pé rárá?"

Adùnpé fẹ́ sọ pé kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn awo wá sọ́kàn rẹ̀. Ó ní, "Dúró ná. Ìyẹ̀fun apakòkòrò kan wà tí a máa ń bù sí ìsàlẹ̀ àpò. Ṣé ìyẹn lò ń pè ní oògùn?"

"Òun gan-an ni."

"Èyí tí mo fún ọ lánàá kò ní in o."

"Kí ló dé tí ẹ kì í bù ú sí tilé?"

"Àwa la máa jẹ tilé."

Bó ti sọ ọ́ tán ló gbọ́ ohun tó sọ. Kò lè gbé ojú sókè. Ìbíyẹmí kò rẹ́rìn-ín, kò sì bá a wí. Ó fa àpótí, ó jókòó tì í. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká ṣe tiwọn bíi tilé."

Wọ́n wa ihò, wọ́n bo ẹrù kejì tí wọ́n ti bu ìyẹ̀fun náà sí mọ́lẹ̀. Ó dùn wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe é. Wọ́n bọ isu tuntun, wọ́n sá a sórí pẹpẹ gíga tí ewúrẹ́ kò lè dé, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n sì dì í sínú ọ̀rá tó nípọn kí kòkòrò má baà ráyè wọlé. Ìbíyẹmí bù nínú àpò kọ̀ọ̀kan lọ fún àyẹ̀wò. Kò sí májèlé, kò sí kòkòrò, kò sí ọ̀rinrin. Ó fi ìwé ẹ̀rí ránṣẹ́ lórí ẹ̀rọ. Nígbà tí ọkọ̀ gúnlẹ̀, àwọn aṣọ́bodè ti ka ìwé náà. Wọ́n tú àpò méjì, wọ́n rí i pé ohun tí wọ́n kà ni wọ́n bá níbẹ̀, wọ́n sì ṣí ọ̀nà.

Adùnpé lọ kúnlẹ̀ níwájú àwọn awo rẹ̀, ó ń dúpẹ́. Wọ́n ní Ifá ni kó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun ti ṣe bẹ́ẹ̀, òun sì ti dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìbíyẹmí. "Rárá" tí òun kò jẹ́ kí Ìbíyẹmí kọ sínú ìwé nìkan ni òun kò tíì mọ bí òun ṣe máa dúpẹ́ fún.

Ẹbọ ló mú olùrànlọ́wọ́ dé ilé Adùnpé. Ìmọ̀ràn tó gbà ló jẹ́ kí olùrànlọ́wọ́ náà rí i ràn lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ìtàn yìí, bí wọ́n bá ní kí ẹ rúbọ, ẹ rú u. Bí wọ́n bá ní kí ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí, ẹ sọ ọ́, kí ire yín lè sọdá òkun láìsí ìdènà.