Ewúro Fọ Kíkorò Rẹ̀ Nù

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Oyin, ìyá ọlọ́mọ yọyọ. Ó tún fò, ó bà lé Ewúro.

Nígbà tí Oyin máa fi dé ẹ̀yìnkùlé lówùúrọ̀ ọjọ́ náà, Ewúro ti ń fa gbòǹgbò rẹ̀ yọ, fàtù, fàtù.

“Ẹ̀gbọ́n, ibo lẹ ń lọ? Òdòdó yín kù díẹ̀ kó là!”

“Odò ni. Mo fẹ́ lọ fọ kíkorò yìí nù. Gbogbo ẹni tó bá tọ́ mi wò ló ń fúnjú pọ̀ bí ẹni tó jókòó lé ẹ̀gún.”

Jìnnìjìnnì bo Oyin. Ẹ̀ẹ̀rùn ti mú, òdòdó Ewúro nìkan ló kù fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ó fi orin bẹ̀ ẹ́:

Ewúro, ẹ má fọ̀ mọ́ o,
*Ẹ korò díẹ̀ sí i!*
Òdòdó yín lọmọ mi ń jẹ,
*Ẹ korò díẹ̀ sí i!*
Òbúkọ wà lẹ́yìn ilé o,
*Ẹ korò díẹ̀ sí i!*

Ewúro kò gbọ́. Ó lọ bá Alákàn, alágbàfọ̀ etí odò. Alákàn fọ̀ ọ́, fọ̀ṣọ̀-fọ̀ṣọ̀, ìfófòó bo gbogbo odò. Labalábá tú ahọ́n rẹ̀ tó ká jọ, ó tọ́ ọ wò.

“Ó ṣì korò.”

Alákàn fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, fọ̀ṣọ̀-fọ̀ṣọ̀.

“Ó kù díẹ̀.”

Ó fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta.

“Háà! Bí ìrèké!”

Alákàn bu omi ìfọ̀ tó ti korò náà sínú akèrègbè, ó ní òun á máa mu ún bí inú bá ń run òun.

Ewúro yan padà sílé. Kò tíì fìdí múlẹ̀ dáadáa tí Òbúkọ fi dé.

“Àǹtí Ewúro! Ẹ mà ti dùn o!”

Ó jẹ ẹ̀ka kan, wàrù. Ó jẹ ìkejì, wàrù. Ó jẹ ìkẹta. Ẹ̀ka kan ṣoṣo ló kù, èyí tí òdòdó wà lórí rẹ̀.

“Oyin, gbà mí o!”

“Ṣé adùn yìí ti tó yín?” ni Oyin wí, àmọ́ ó ti ń fò lọ bó ṣe ń sọ ọ́. Òun, Labalábá àti gbogbo kòkòrò ya bo akèrègbè Alákàn. Wọ́n ń fẹnu gbé omi ìfọ̀ náà ní ẹ̀kán-ẹ̀kán, wọ́n ń kán an sórí ẹ̀ka tó kù, wọ́n ń kọrin: *Ẹ korò díẹ̀ sí i!*

Òbúkọ la ẹnu gbàgà, ó já ewé kan. Ojú rẹ̀ fún pọ̀. Irùngbọ̀n rẹ̀ gbọ̀n.

“Hàṣíììì!”

Bó ṣe sín báyìí ni òdòdó orí ẹ̀ka náà là, funfun báláú.

Ẹ̀yin ọmọ, ohun tí àwọn kan ń torí ẹ̀ fúnjú pọ̀ sí yín lè jẹ́ òun ló ń dáàbò bò yín, tó sì ń bọ́ ọmọ ẹlòmíràn. Ẹ má fọ̀ ọ́ nù.

“Ẹ̀gbọ́n Òbúkọ,” ni Oyin wí, “ṣé ká bù sí i?”

Òbúkọ nu irùngbọ̀n rẹ̀ mọ́ ògiri, ó sì bá tirẹ̀ lọ.