Àwọn Ìgbín Oníbodè

Ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin àlejò tí ẹ jókòó sórí ẹní, mo kí yín o, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ, ọmọ kò ní í bọ́ lọ́wọ́ yín. Èmi ni Ọdẹ́sínà, ọmọ bíbí Ìdó-Òrófó. Bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, bó bá pẹran kò ní í fẹ́nì kan jẹ, ṣùgbọ́n ẹran ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, gbogbo yín ni n ó pín in fún.

Oyún Àwẹ̀ró, aya mi, ti yọ dáadáa nígbà tí ibà dá a dùbúlẹ̀, tí ìsàlẹ̀ ikùn ń ro ó, tí nǹkan olóòórùn sì ń dà lára rẹ̀. Yèyé Adúnọlá, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, ló kọ́ ọ pé kí ó máa fi ọṣẹ àti omi álọ́ọ̀mù fọ ojú ara rẹ̀ dé inú lọ́hùn-ún.

“Àna mi,” ni Yèyé wí, “ìdọ̀tí ló kù níbẹ̀. Ẹ lọ bá mi bó èèpo igi kíkorò tó wà lẹ́yìn òkè, kí n fi kún álọ́ọ̀mù náà. Kò sí ohun tí a fọ̀ tí kì í mọ́.”

Mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo wọgbó, mo bó èèpo náà sínú àpò. Bí mo ti yíjú báyìí, odi ìlú kan ni mo rí, ó pupa, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹnubodè rẹ̀ sì ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Mo gbé ẹsẹ̀ kan, mo ṣubú yakata. Nígbà tí n ó gbójú sókè, ìgbín ńláńlá ti yí mi ká.

“Ọdẹ, ẹ kú ìrìn, ẹ sì kú ìṣubú,” ni olórí wọn wí. “Ẹni tó bá sáré níbí, ilẹ̀ ní í kí.”

“Ẹ ǹlẹ́, Oníbodè. Kí lẹ̀ ń fi gbogbo omi yíyọ̀ yìí ṣe?”

“Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Àwọn olè kan wà tí ojú kì í rí. Bí wọ́n bá dé, omi ara wa a lẹ̀ mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Àwọn ará wa tọ̀tún a dá awọ àwọn olè náà lu, inú wọn a tú síta. Àwọn tòsì a kó irin inú ẹ̀jẹ̀ tí àwọn olè náà ń jẹ pamọ́, ebi a sì pa wọ́n. Ẹnì kankan kò kọ́ wa, a bí i mọ́ wa ni.”

Ó mú mi dé ìyẹ̀wù, mo sì rí ohun tí wọ́n ń ṣọ́: ọmọ kékeré kan ló ń sùn, okùn wà ní ìdodo rẹ̀, ó ti ìka bọ ẹnu.

Lójijì ni omi ya wọlé ṣàà, òórùn ọṣẹ àti álọ́ọ̀mù gba ibẹ̀ kan. Ẹ̀yin tí ẹ ti fọ ìgbín rí, ẹ mọ ohun tí álọ́ọ̀mù ń ṣe fún un! Omi ara wọn ṣàn lọ, wọ́n súnkì sínú ìkarahun, àwọn olè sì rọ́ wọlé. Ọmọ náà ta gìrì, ó ké. Ẹ̀rù bà mí dé egungun, nítorí mo mọ òórùn náà, òórùn ilé mi ni. Inú Àwẹ̀ró ni mo wà, ọmọ tèmi ló ń ké yẹn.

“Ọdẹ,” ni Oníbodè wí pẹ̀lú ohùn tó ti rẹ̀, “èèpo àpò yín yẹn ló máa pa wá tán. Ẹ bá wa dá omi náà dúró. Àwọn olè tó ti wọlé sì ti ju agbára wa lọ, ẹ wá ẹni tó máa fi oògùn ràn wá lọ́wọ́, kí ọmọ yìí má bàa bọ́.”

Bí mo ti ṣẹ́jú, inú igbó ni mo tún bá ara mi. Mo da èèpo nù, mo sáré délé. Yèyé ló wà lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀ pẹ̀lú ike omi mìíràn. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, nítorí náà mo kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kí n tó fi ọwọ́ gbá ike náà dànù.

“Ọdẹ́sínà! Ṣé orí yín pé?”

“Ó pé, Yèyé. Ìdọ̀tí kọ́ là ń fọ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ ọmọ wa là ń fọ̀ dànù.”

Mo gbé Àwẹ̀ró lọ sí ilé ìwòsàn, Yèyé ń kùn bọ̀ lẹ́yìn. Nọ́ọ̀sì yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kòkòrò àrùn ló ti wọ ibẹ̀, ó gún un lábẹ́rẹ́, ó fún un lóògùn, ó ní ìta ara ni kó máa fi omi lásán ṣàn, kó fi inú sílẹ̀, inú a máa fọ ara rẹ̀. Nígbà tí ibà lọ, ó gbé ohun ìgbọ́kàn lé ikùn, ó ní, “Ẹ wá gbọ́ ọkàn ọmọ yín.” Mo gbọ́ ọ, kì-kì-kì. Èmi tí mo ti dojú kọ ẹfọ̀n, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún ayọ̀ bí ọmọdé.

“Ó tó, àna mi,” ni Yèyé wí. “Ẹ lọ bọ́jú yín. Omi lásán ni kẹ́ ẹ fi bọ́ ọ o.”

Ọmọbìnrin ni Àwẹ̀ró bí, tibi tire rẹ̀ wálẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, kì í ṣe gbogbo ohun tó ń yọ̀ ló dọ̀tí; ẹ̀ṣọ́ tí Ẹlẹ́dàá fi sẹ́nu ọ̀nà yín, ẹ má fi ọwọ́ ara yín gbá a sóde, bí ara bá sì ń ro yín, ẹ tètè sọ. Ilẹ̀ ń ṣú lọ, ẹ jẹ́ n relé lọ gbọ́mọ. Kí ilé tù yín lára, kí ọmọ yín sùn fọnfọn.