Agbowó-Òde àti Ère Táyé
Ọba kan jẹ ní Òkè-Ìrókò tó fẹ́ kí àwọn ọmọdé fi eré sílẹ̀ kí wọ́n gba oko lọ, ló bá bu owó-òde lé gbogbo ohun ìṣeré. Èyí tí òbí kò bá lè sanwó rẹ̀, Ògúnbọ̀dé agbowó-òde a sun ún. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Àyọ̀ká tí kò ní kọ́bọ̀, ère Táyé ló já gbà, èyí tí wọ́n gbẹ́ nígbà tí Táyé, ọ̀kan nínú ìbejì tí Àyọ̀ká bí, kú. "Bàbá, eléyìí kì í ṣe ohun ìṣeré." "Igi tó lójú, tó nímú, tó tún wọ ìlẹ̀kẹ̀? Ta lo fẹ́ tàn jẹ, Ìyá Ìbejì?" "Ó dáa, Bàbá. Ta ló mọ ohun ìṣeré ju ọmọdé lọ? Ẹ gbé e sáàárín àwọn ọmọ agboolé yìí. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ṣeré, ẹ sun ún." Ògúnbọ̀dé rẹ́rìn-ín, torí òun ló ti sun gbogbo ohun tí àwọn ọmọ náà fi ń ṣeré, kò sì sí nǹkan mìíràn tí wọ́n lè fi ṣeré mọ́. Ó gbé e sílẹ̀. Àwọn ọmọ sáré dé, wọ́n wò ó, wọ́n kó ọwọ́ sẹ́yìn. Ọmọbìnrin tó kéré jù kúnlẹ̀, ó ní, "Táyé, ṣé ọyẹ́ ò mú ẹ báyìí?" ó sì tú gèlè rẹ̀ bò ó. Ògúnbọ̀dé dúró títí, ọmọ kankan kò fi ṣeré. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ère náà fún Àyọ̀ká tòun ti gèlè, ó ní, "Ọmọ ọdún mélòó ni Táyé nígbà tó kú?" "Kò tíì rìn, Bàbá."