Àtùpà Ìyá Àbíyè ní Etíkun

Obìnrin kan wà, agbẹ̀bí ni, Ìyá Àbíyè ni gbogbo ìlú rẹ̀ ń pè é. Ọwọ́ rẹ̀ dára. Ọmọ tí ó ti gbà wá sáyé pọ̀ débi pé, bí ó bá ń kọjá lọ lójú títì, àwọn ọkùnrin tí irùngbọ̀n wọn ti funfun a máa dọ̀bálẹ̀ fún un, òun náà a sì máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun ti rí ìhòòhò wọn kí ìyàwó wọn tó rí i.

Ohun kan wà tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Kì í pa àtùpà. Níbi tí obìnrin bá ti ń rọbí, iná gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, ìbáà ṣe ọ̀sán gangan. Ó ní iná ló ń pe ọmọ wá sáyé, pé ọmọ tó bá jáde bọ́ sínú òkùnkùn lè rò pé òun ṣìnà, kí ó sì fẹ́ yíjú padà. Àwọn ènìyàn gbà bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá rí iná lójú fèrèsé rẹ̀ nígbà tí kò sí aláboyún kankan nílé, wọ́n á ní ìyá ń dúró de ẹni tí yóò kan ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ẹ̀rù òkùnkùn ló ń bà á. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ kò bà lẹ́rù, tí igbe kò bà lẹ́rù, òkùnkùn lásán ló ń lé e kiri inú yàrá tirẹ̀. Láti kékeré ni. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Ọkọ tó fẹ́ ẹ, ó bá a gbé títí ọlọ́jọ́ fi dé, kò mọ̀.

Nígbà tó yá, orúnkún rẹ̀ kọ ìkúnlẹ̀. Ó fi iṣẹ́ lé ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́, ó jókòó sílé, ṣùgbọ́n ìjókòó náà kò bá a lára mu. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin kan wà tó ń gbé lókè òkun, ní erékùṣù kan tí yanrìn rẹ̀ funfun, tó kúnná bíi gààrí Ìjẹ̀bú. Ọmọ yìí wá kí i nílé, ó sì sọ iṣẹ́ tó ń ṣe fún un. Ó ní àwọn ìjàpá ńlá kan wà tó jẹ́ pé inú òkun ni wọ́n ń gbé, tí ẹ̀yìn wọn fẹ̀ tó ọpọ́n ìfọṣọ. Orí ilẹ̀ ni wọ́n ń wá yé ẹyin sí. Wọ́n á wa yanrìn, wọ́n á yé e, wọ́n á bò ó mọ́lẹ̀, wọ́n á padà sómi, ó tán, wọn kò ní fojú kan àwọn ọmọ náà mọ́. Ajá ń hú ẹyin náà jẹ. Ènìyàn ń hú u tà. Wọ́n sì ń pa àwọn ìyá jẹ, títí ìran wọn fi fẹ́ parun. Nítorí náà ni àwọn kan ṣe ń wá láti ìlú púpọ̀, tí wọ́n ń fi ara wọn sílẹ̀ láti ṣọ́ ẹyin náà láìgba kọ́bọ̀.

Ìyá Àbíyè gbọ́ ọ tán, ìbéèrè kan ṣoṣo ló béèrè. Ó ní ta ló ń gbẹ̀bí wọn.

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní kò sẹ́ni tó ń gbẹ̀bí wọn.

"Kò sẹ́ni kankan?" ni ìyá wí. "Ọmọ tó pọ̀ tó yẹn, kò sẹ́ni tó ń dúró tì wọ́n?"

Àwọn ará ilé fẹ́ dá a lẹ́kun. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin bi í bóyá ìjàpá inú àlọ́ kò tó o ni, tó fi fẹ́ lọ bá ti inú omi. Ìyá kàn dìde. Ó di ẹrù rẹ̀. Ó fi ìró wé àtùpà rẹ̀ kékeré, ó tì í sí ìsàlẹ̀ àpò, ó ní kí òun lè máa fi rántí ilé ni.

Ó dé ọ̀hún, ó rí òkun. Inú igbó ni wọ́n bí Ìyá Àbíyè sí. Odò tó mọ̀ ni èyí tí obìnrin lè fẹsẹ̀ là kọjá pẹ̀lú ìkòkò lórí. Èyí tó rí yìí kò ní òdìkejì. Kì í sì í sùn. Á fà sẹ́yìn, á mí kanlẹ̀, á tún dé, bíi aláboyún tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá. Bí ó bá ti ń gbọ́ ọ, irun ọrùn rẹ̀ á dìde.

Olórí àwọn tó ń ṣọ́ etíkun jẹ́ ọmọ erékùṣù náà, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó kó gbogbo àwọn tó wá ṣèrànwọ́ jọ, ó kọ́ wọn, ọmọ ẹ̀gbọ́n sì ń sọ ọ́ ní Yorùbá fún Ìyá Àbíyè. Ó ní nígbà tí oòrùn bá wọ̀ tí yanrìn bá tutù ni àwọn ọmọ ń jáde. Ó ní bó ti wù kí ilẹ̀ ṣú tó, ojú ọ̀run lórí omi máa ń mọ́ díẹ̀ ju ti orí ilẹ̀ lọ, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ yẹn ni àwọn ọmọ ń rí tí wọ́n fi ń mọ̀nà ilé. Bí iná mìíràn bá wà lórí ilẹ̀, òun ni wọn yóò tẹ̀ lé, wọn yóò sì kú sórí ilẹ̀. Nítorí náà, kò gbọdọ̀ sí tọ́ọ̀ṣì, kò gbọdọ̀ sí fóònù, kò gbọdọ̀ sí sìgá.

Ìyá Àbíyè mi orí. Ọ̀rọ̀ náà yé e. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ yé ènìyàn, ọ̀tọ̀ ni. Kí ènìyàn gbà á, ọ̀tọ̀ ni. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé àwọn wọ̀nyí kò gbẹ̀bí rí.

Wọ́n fi ibi kan hàn án tí wọ́n fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ sàmì sí, tí ẹyin wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n ní kí òun àti ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ṣọ́ ọ. Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á tẹ́ ẹní, wọ́n á jókòó. Bí òkùnkùn bá ti ń dé, ìyá á sún mọ́ ọmọ náà títí èjìká wọn á fi kan ara wọn, á ní otútù ń mú òun. Àtùpà náà á wà lábẹ́ ìró rẹ̀, pẹ̀lú kẹrosíìnì nínú. Ìṣáná á wà ní ìṣẹ́tí aṣọ. Kì í tàn án. Ó kàn máa ń fọwọ́ kàn án ni, ọkàn rẹ̀ á sì rọlẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, yanrìn ibi tí wọ́n ń ṣọ́ rì wọlé díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn bá fi ìka tẹ ẹ̀kọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n dìde fùú. Ó ní òun gbọ́dọ̀ lọ pe olórí, tó wà lẹ́yìn àpáta ní ìpẹ̀kun etíkun.

"Màmá, ẹ dúró tì wọ́n. Ẹ má tan iná o."

"Ṣé ọmọdé ni mí ni?"

Ọmọ náà sáré lọ. Ìyá gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà kò gbọ́ nǹkan kan mọ́ àyàfi òkun.

Oṣù kò sí lójú ọ̀run. Òkùnkùn dé, kò sì sí èjìká lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gbọ́ ohun kan tó ń fà lórí koríko lẹ́yìn rẹ̀. Ó yíjú, kò rí nǹkan kan. Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ sókè síwájú ojú rẹ̀, kò rí ọwọ́ náà. Omi mí kanlẹ̀, ó sì dà bíi pé ó ti sún mọ́ ọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àyà rẹ̀ ń lù débi tó fi rò pé ẹlòmíràn ló ń rìn bọ̀. Ó ní, "Ọmọ ń bọ̀ wá sáyé, kò sì sí iná." Bẹ́ẹ̀ ló sọ, sókè, bí ẹni tó ń dá ẹnìkan lóhùn. Ó ṣá ìṣáná.

Iná tàn. Ayé padà sí ipò rẹ̀. Ó rí ẹní, ó rí ọ̀pá, ó rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó gbé àtùpà ka ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó mí. Yanrìn sì là, orí dúdú kan yọ, orí mìíràn yọ, wọ́n sì ń tú jáde bí ìgbà tí ẹ̀wà bá ń hó nínú ìkòkò. Inú rẹ̀ dùn dé góńgó. Ó gbàgbé orúnkún, ó kúnlẹ̀, ó ń kí wọn káàbọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kéré, wọn kò ju àtàǹpàkò lọ, apá wọn ń lu yanrìn fìrìfìrì.

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń bọ̀. Ó kọ́kọ́ rò pé wọ́n mọ̀ ọ́n ni.

Wọ́n yí àtùpà ká. Àwọn mìíràn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá sí ìhà koríko. Ibẹ̀ ni àwọn alákàn wà, lẹ́nu ihò wọn. Ìyá rí alákàn kan tó na ọwọ́, ó mú ọmọ kan lẹ́sẹ̀, ó sì wọ́ ọ wọ ihò lọ, kò tilẹ̀ yára. Ó kígbe. Ó ju bàtà lù ú. Ó ṣa àwọn ọmọ lọ́wọ́ méjèèjì, ó kọjú wọn sí òkun. Wọ́n yípadà. Ó tún kọjú wọn síbẹ̀. Wọ́n tún yípadà. Ẹ̀rù wá bà á gidi, ju ti òkùnkùn lọ. Ohun tí ẹ̀rù sì kọ́ ọ láti kékeré ló ṣe. Ó yí òwú àtùpà sókè, kí iná lè mọ́lẹ̀ sí i, kó lè rí àwọn alákàn. Àwọn tó ti ń lọ sọ́nà òkun pàápàá ṣẹ́rí padà.

Ó gbé àtùpà náà dání, ó fẹ́ fi wá bàtà rẹ̀. Ó gbé e sọ́tùn-ún, gbogbo wọn tẹ̀ sọ́tùn-ún. Ó gbé e sósì, gbogbo wọn tẹ̀ sósì.

Ó dúró. Lóòótọ́ ni iná ń pe ọmọ. Ó ti ń sọ ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n iná ti àwọn ọmọ yìí wà lórí omi, èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe ti ọmọ kankan. Tirẹ̀ ni. Tirẹ̀ náà ló jẹ́ láti ilé wá.

Ó wo òkùnkùn tó dúró yí ìmọ́lẹ̀ náà ká. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n kú síbí." Ó bu yanrìn, ó dà á lé àtùpà lórí, ó sì jókòó.

Òkùnkùn bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò sí ohun tó lè ṣe mọ́. Kò mọ ibi tí alákàn wà. Kò lè gbé ẹsẹ̀, kí ó má baà tẹ ọmọ pa. Ó di ara rẹ̀ mú, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn, òkun ń mí. Ó pẹ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ohun kékeré kan gun ìka ẹsẹ̀ rẹ̀, ó rá kọjá, ó sọ̀ kalẹ̀ ní òdìkejì. Òmíràn tẹ̀ lé e. Wọ́n ń gba orí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá bí ìgbà tí òjò bá ń ṣẹ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ìhà òkun ni wọ́n ń lọ. Kò rí ọ̀kankan nínú wọn.

Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n àti olórí dé, kò sí nǹkan kan nílẹ̀ mọ́ àyàfi ìyá. Ó ṣì wà níbi tó jókòó sí, omijé ti gbẹ mọ́ ọn lójú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo rẹ̀ hàn lórí yanrìn. Ipa ẹsẹ̀ àwọn ọmọ jáde láti inú ihò, ó tẹ̀ kọrọdọ sọ́nà ilẹ̀, ó yí ojú kan ká, ó dàrú níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó nà tààrà lọ sínú omi. Díẹ̀ wà tí kò dé omi. Òpin wọn ni ẹnu ihò alákàn, ìyá sì ń wò wọ́n.

Olórí wo ilẹ̀ pẹ́. Ó rí àtùpà tí yanrìn kún. Ìyá ń retí kí ó béèrè ẹni tó tàn án, ó ti pinnu láti gbà pé òun ni, kí wọ́n sì dá òun padà sílé. Ohun mìíràn ni ọkùnrin náà béèrè.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n túmọ̀ rẹ̀. "Màmá, ó ní ta ló pa iná náà."

"Èmi ni."

Ọkùnrin náà mi orí. Ó ní kí ìyá lọ sùn, pé iṣẹ́ wà ní ìrọ̀lẹ́. Ìyá sì padà wá ní ìrọ̀lẹ́, láìgbé àtùpà dání. Ẹ̀rù ṣì bà á o. Kò fìgbà kan ṣàì bà á títí tó fi padà sílé.

Ṣé o gbọ́, ọmọ mi? Ìwọ tí o jókòó síwájú mi yìí ni mo ń pa á fún. Ọmọ rẹ ríṣẹ́ sí ọ̀nà jíjìn, ó di àpò rẹ̀, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ọ́. Ó tú àpò. Ara rẹ yá, ó tún dì í, ẹ̀jẹ̀ rẹ ru. Ó tún tú u. N kò ní o ń purọ́. Ẹ̀rù ń bà ọ́ lóòótọ́, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àìsàn náà, iná tìrẹ, fi ń mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. O ní ìfẹ́ ni, pé kí ọmọ má ṣìnà ni. Wo ẹsẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀ kí o rí i: ó ti ń tẹ̀ bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ, ó fi ẹ̀yìn sí omi rẹ̀, àwọn alákàn sì ń wò ó. Pa iná náà. Èyí tó ti ṣègbé ti ṣègbé, kò sẹ́ni tó máa bi ọ́ pé ta ló tàn án. Bí òkùnkùn ilé náà bá sì pọ̀ jù fún ọ lẹ́yìn tó bá lọ, gbé ẹní rẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Èjìká mi wà níbẹ̀. A ó jọ jókòó sínú òkùnkùn náà.