Ajá Inú Ahá

Ó ti rẹ Ògúnrìndé. Abo ajá rẹ̀ mìíràn tún kú sórí ìrọbí, tòun ti ọmọ inú rẹ̀, ó sì ti gbẹ́ ilẹ̀ sin wọ́n kí oòrùn tó mú. Kò sunkún. Ẹni tó bá ń sin òkú ajá lemọ́lemọ́, omijé rẹ̀ a máa gbẹ.

Iṣẹ́ ọ̀sìn ajá kéékèèké ni òun àti Ògúntóyè, àbúrò rẹ̀, jogún lọ́wọ́ bàbá wọn. Àwọn olorì ààfin ló ń rà á, wọn a gbé e sáyà bí ọmọ ọwọ́. Ahá tí bàbá wọn fi ń mu ẹmu ni òṣùwọ̀n. Ọmọ ajá tó bá já lẹ́nu ọmú tó sì gba inú ahá, òun ni wọ́n ń dá sí láti gba irú. Èyí tó bá tóbi ju ahá lọ, wọn a fi ta ọdẹ lọ́rẹ. Bẹ́ẹ̀ ni ajá ń kéré sí i láti ìran dé ìran, títí orúnkún fi ń yẹ̀ lẹ́sẹ̀ wọn, tí àwùjẹ̀ orí wọn kò dí, tí ìbàdí abo kò sì gba ọmọ kọjá mọ́. Àwọn olorì kò bèèrè. Wọ́n ní ó wuyì lójú.

Abo méjì péré ló kù, ọ̀kan lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n, ọ̀kan lọ́wọ́ àbúrò. Bí wọ́n bá kú, iṣẹ́ ìdílé parẹ́ nìyẹn. Ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò bá tọ Ìyá Ẹfúndọlá lọ, àgbà olórìṣà tó ń da owó ẹyọ.

Ìyá da ẹyọ, ó wò ó pẹ́.

"Ìyá, ta ló ń pa ajá wa?" ni Ògúnrìndé bèèrè. "Ṣé ọwọ́ ayé ni?"

"Ayé kọ́. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó níwájú mi yìí ni."

Ògúnrìndé wolẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ọkàn rẹ̀ ti ń sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

"Kí ni ẹbọ, Ìyá?"

"Ahá yẹn lẹbọ. Ẹ fọ́ ọ. Ẹ má jẹ́ kí abo méjèèjì lóyún láéláé. Kí ẹ wá lọ bẹ àwọn ọdẹ, kí ẹ gba irú padà lára èyí tí ẹ lé jáde."

Ògúntóyè rẹ́rìn-ín ẹlẹ́yà. "Ajá tó kún ìgboro, ta ni yóò rà á lọ́wọ́ wa?" Ó dìde, ó lọ gbẹ́ ahá tuntun tó tún kéré ju ti bàbá wọn lọ.

Ògúnrìndé fọ́ ahá. Lójú ara rẹ̀, àfi bí ẹni ń na bàbá rẹ̀. Ó wá lọ bá Akínlàjà, àgbà ọdẹ.

"Ajá tí o ní ó tóbi jù," ni Akínlàjà wí, "òun náà lo tún wá ń bẹ̀?"

"Òun náà ni, bàbá. Ẹ ṣàánú mi."

Wọ́n fún un ní abo kan. Olorì kankan kò yà sọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́, ó sì pẹ́ tó ń jẹ ẹ̀kọ lásán. Lọ́jọ́ tí abo náà máa bí, ó gbé omi gbígbóná kalẹ̀, ó jáde lọ wá aṣọ, ó ń retí ikú. Nígbà tó fi padà wọlé, ajá ti dá bímọ, àwọn ọmọ sì ti ń mu ọmú wọ̀ọ̀. Níbẹ̀ ni Ògúnrìndé ti sunkún.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Ògúntóyè sáré dé, abo rẹ̀ lọ́wọ́, ajá ń rọbí, ọmọ kò jáde.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí! Mo ti ṣe tán, màá rú ẹbọ náà."

Ògúnrìndé gba ajá náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fọwọ́ pa á lórí títí èémí fi bọ́ lẹ́nu ajá.

Ògúnrìndé gbọ́ ẹbọ, ó rú u, ajá rẹ̀ pọ̀, wọ́n ń wá rà á láti ìlú dé oko. Ògúntóyè fi ẹbọ ṣẹ̀sín. Àbámọ̀ nìkan ló kù nílé rẹ̀ tí yóò máa bọ́ bí ajá.